Ìfojúbù lọ́jà: bí a ṣe lè kọ́ ọmọ iléèwé láti mọ iye tó súnmọ́

Ọ̀rọ̀ ọjà ni tòní, àmọ́ ọmọ iléèwé ló kàn jù. Ọmọ tó wà ní CE2 lè ro 475 pọ̀ mọ́ 225 lórí pátákó láìṣì í. Ẹ wá fún un ní 2000 sẹ́fà pé kó lọ ra nǹkan mẹ́ta wá, kí ẹ sì bi í kó tó jáde pé, "Ṣé owó yìí á tó?" Wíwò lá máa wò yín. Ó mọ ìṣirò, kò mọ ìfojúbù.

Ohun tí ìwé Faransé wọn ń pè ní *arrondir* nìyẹn: ká sún nọ́ńbà lọ síbi odidi tó súnmọ́ ọn jù, kó lè rọrùn láti fi orí rò. Òfin rẹ̀ kò gùn. Bí a bá ń wá odidi mẹ́wàá, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn la máa wò. Tó bá wà láàrin 0 sí 4, a padà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 5 títí dé 9, a tẹ̀ síwájú. 43 á di 40, 47 á di 50.

Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé pé iwájú ni 5 ń lọ. Ẹ má nà wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Orí ẹ̀wá ni gbogbo wọn ṣì dúró lé. Tó bá wá dé márùn-ún, èdè wa yíjú padà: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Ogún ló ń wò báyìí, iye tó kù kó tó débẹ̀ ló ń sọ. Òfin iléèwé gan-an nìyẹn, àwọn bàbá wa ti fi sínú orúkọ nọ́ńbà kí iléèwé tó dé. Ẹ wo 97. Lédè Faransé, ogún mẹ́rin, ẹ̀wá àti èje lọmọ máa tò jọ kó tó pè é tán. Lédè wa, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, ọgọ́rùn-ún tí ẹ fẹ́ sún un lọ ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò bá lè ka Yorùbá kọjá ogún ń pàdánù ohun èlò ọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kà á fún wọn nílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà. Ká ní tòmátì jẹ́ 475, ata 225, òróró 1150. Ẹ ní kí ọmọ sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí odidi ọgọ́rùn-ún: 500, 200, 1200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1900. Owó 2000 tó. Tí ẹ bá wá rò ó dáadáa, 1850 ni. Kò jìnnà, àbí?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Ká ní nǹkan mẹ́rin ni: 325, 425, 225, 325. Gbogbo wọn ló máa padà sẹ́yìn: 300, 400, 200, 300, ó jẹ́ 1200. Ọmọ tó bá mú 1200 lọ máa jẹ gbèsè 100, torí 1300 ni iye gidi. Ìwé iléèwé kì í sábà sọ èyí, ìyá ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n: tí o bá ń rà, sún un sókè, tí o bá ń tà tí o sì fẹ́ mọ ohun tó máa wọlé, sún un sálẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí ẹ̀yin tíṣà máa rí. Ẹ ní kí ọmọ sún 445 sí odidi ọgọ́rùn-ún. Á kọ́kọ́ sọ ọ́ di 450, lẹ́yìn náà á sọ 450 di 500. Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń sún un. 445 súnmọ́ 400 ju 500 lọ.

Odidi wo ló yẹ ká wá? Iye tí ẹ ní lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́. Láti 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ yúrò 2 lè pè é ní 660, kò sí wàhálà. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ fi yúrò 1000 ránṣẹ́ láti òkè òkun, tó fi 660 rò ó, ó ti ń retí owó tó fi 4000 sẹ́fà àti díẹ̀ lé ju ti gidi lọ. Ìyẹn ti di ìjà nílé.

Ní ẹnubodè Ìgólò, náírà ló ń wọlé jù. Ká ní iye tí wọ́n pè lọ́jọ́ yẹn ni 385 sẹ́fà fún 1000 náírà, 7900 náírà sì wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ ìṣirò ẹni tó ń ṣẹ́ owó, ẹ fi ojú bù ú: 8 lọ́nà 400 jẹ́ 3200. Ẹ mọ̀ pé ẹ ti sún méjèèjì sókè, torí náà owó gidi máa dín díẹ̀ sí i. 3041 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bí ó bá ka 2041 fún yín, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ní kíláàsì, ọsàn ni kí ẹ fi kọ́ wọn, ẹ má ní kí wọ́n ka ara wọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ to ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ ka ìpele kan, ká ní 19, kó wo iye ìpele, ká ní 6. 20 lọ́nà 6, 120. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á. 114 ni wọ́n máa rí bí gbogbo ìpele bá dọ́gba. Ẹ má fi pupa fàlà sí 120 yẹn o, kò kùnà.

Ibì kan wà tí a kì í ti í fojú bu nǹkan, ibẹ̀ ni ìlera. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu omi: lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bí ẹ bá sún ìdajì yẹn di odidi kan, ẹ ti sọ iyọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó sì lè ṣe ọmọ náà léṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ibà tó ń jẹ́ artemether-lumefantrine. Ọmọ tó wọ̀n kílò 5 títí tí kò tíì pé 15 ń lo hóró kan lẹ́ẹ̀kan. Láti 15 títí tí kò tíì pé 25, hóró méjì. Ọmọ tó wọ̀n 14.6 ńkọ́? Iléèwé máa pè é ní 15, òfin oògùn kò pè é bẹ́ẹ̀: kò tíì pé 15, hóró kan ni tirẹ̀. Ẹ sọ iye tí òṣùwọ̀n kà gan-an fún nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà.

Iṣẹ́ tí ẹ máa fún àwọn ọmọ lálẹ́ òní rèé: ìkànìyàn 2013 ka 10,008,749 èèyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí wọ́n sún un sí odidi mílíọ̀nù, lẹ́yìn náà sí odidi ẹgbẹ̀rún, kí wọ́n sì sọ èyí tí wọ́n máa lò tí àlejò bá bi wọ́n.