Ata Ìyeré, Kànáfùrù àti Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹni tó bá ra ẹja ní ọjà Kado, nílùú Abuja, tó sì fẹ́ fi se ọbẹ̀ ata, lè fi ata ìyeré àti kànáfùrù sí i kí ó lè ta sánsán. Ṣùgbọ́n èròjà ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn méjèèjì. Ní agbègbè Idu, nílùú Abuja kan náà, wọ́n wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ṣe Niprisan, oògùn fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní arọmọléegun tàbí sickle cell.

Àrùn àbínibí ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá dín kù. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a máa dí iṣan ẹ̀jẹ̀, ìrora líle a sì wọ inú egungun aláìsàn.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá kan, Àlúfáà P. O. Ogunyale, ló fi àgbo tí ó ń lò han NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1987. Èso ata ìyeré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aláìsàn 82. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé ìrora líle kì í ṣe lemọ́lemọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n ń lo oògùn náà, bí a bá fi wé ìgbà tí wọ́n lo èyí tí kò ní egbòogi nínú.

Lọ́dún 2006, àjọ NAFDAC fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Àmọ́ gbèsè wọ Xechem, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, lọ́dún 2008, ọwọ́ àwọn aláìsàn kò sì tó oògùn náà mọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí òbí kó àwọn èròjà yìí jọ sínú ìkòkò fún ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi pò ó àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ló sọ àgbo náà di oògùn. Niprisan pàápàá kì í wo àrùn náà sàn pátápátá. Ó ń dín ìrora rẹ̀ kù ni. Ó yẹ kí aláìsàn máa lọ sí ilé ìwòsàn déédéé, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì yẹra fún òtútù. Bí ibà bá mú un, kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀ rárá.

Kí àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó sì ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS.