Oògùn Olóró àti Ọ̀dọ́ Tó Wà Lábẹ́ Àmójútó Ilé Ẹjọ́

Ọ̀dọ́ tó rú òfin, tí oògùn olóró sì ti di bárakú fún un, ẹrù méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: ẹjọ́ àti àìsàn. Ẹ̀wọ̀n kò lè wo àìsàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 2007, gba adájọ́ láàyè láti dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 padà sílé lábẹ́ àmójútó. Òṣìṣẹ́ kan á máa bẹ̀ ẹ́ wò, á sì máa jábọ̀ fún ilé ẹjọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ṣe irú ètò yìí fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbó, tramadol, Colorado (èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe kó lè ṣiṣẹ́ bí igbó) àti kodíìnì wà lára ohun táwọn ọ̀dọ́ ń lò. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì nínú àti kíkó o wọlé.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tramadol ti mọ́ lára, bó bá dá a dúró lójijì, ara á máa ro ó, imú á máa ṣomi, inú á máa ṣí, oorun á sì dàwátì. Ọ̀pọ̀ ló ń torí ìnira yìí padà sídìí oògùn. Wọ́n lè dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn bíi Àrò ní Abẹ́òkúta, tàbí kó máa tilé lọ. Lẹ́yìn náà ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ á kàn: ta ló kọ́kọ́ fún un, kí ló ń sá fún?

Wọ́n tún máa ń yẹ ìtọ̀ wò, àmọ́ ìtọ̀ kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó ti ń fa igbó lójoojúmọ́ lè jáwọ́, kí àyẹ̀wò ṣì máa rí igbó lára rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Tramadol kì í sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Àyẹ̀wò igbó kì í rí Colorado rárá. Ọmọ tó ń tiraka lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí olóríkunkun, kí ẹni tó fi Colorado rọ́pò igbó sì máa yan fanda. Alámòójútó tó mọṣẹ́ á béèrè bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, àti bóyá ó ń dé ibi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìfàsẹ́yìn wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí. Bó bá ṣẹlẹ̀, adájọ́ lè yí àdéhùn àmójútó náà padà. Bí ọ̀dọ́ náà bá kọ àdéhùn sílẹ̀ pátápátá, ilé ẹjọ́ lè pè é padà, kó sì dá ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ náà fún un.