Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Ìràwọ̀ Kò Kéré, Ó Jìnnà Ni

Ìwọ ọmọ tí ń gbé Ọ̀tà tàbí Sàngó, ǹjẹ́ o ti wo àwọn mọ́tò tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta ní alẹ́ rí? Bí mọ́tò bá ṣì wà lọ́nà jíjìn, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì a dàbí ẹyọ kan ṣoṣo, kò sì ní tóbi ju iná àbẹ́là lọ. Bí ó ti ń sún mọ́ ọ ni iná náà ń tóbi sí i, títí yóò fi pín sí méjì. Nígbà tí ó bá dé iwájú rẹ, o kò ní lè wò ó mọ́. Iná náà kò yí padà. Ọ̀nà tí ó wà láàárín yín ni ó dínkù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀ rí. Oòrùn tí ìyá rẹ ń sá aṣọ sí, ìràwọ̀ ni òun náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ tí o ń rí lálẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ wọn ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn sún mọ́ wa, àwọn yòókù jìnnà.

Sísún mọ́ náà gba àlàyé. Mílíọ̀nù 150 kìlómítà ni ó wà láàárín ayé àti oòrùn. Ká ní títì wà níbẹ̀, tí awakọ̀ kan gbéra láti Sàngó, tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí kò dúró jẹun, tí kò dúró ra epo, tí kò sì bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ pàdé (èyí sì ṣòro ní Sàngó), yóò lo ọdún 171 kí ó tó débẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó yára ju ohun gbogbo lọ. Ó ń rin kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí ó tó bà lé orí páànù ilé yín.

Jẹ́ kí a fi ọsàn ṣe àpẹẹrẹ. Mú ọsàn kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, kí a pè é ní oòrùn, kí o gbé e sórí tábìlì kan ní ọjà Sàngó. Ayé wa, pẹ̀lú gbogbo òkè, òkun àti ìlú inú rẹ̀, kò ní ju hóró gaàrí kan lọ. Mítà 8 àti ààbọ̀ sí ọsàn náà ni ìwọ yóò gbé hóró gaàrí yìí sí. Níbo wàyí ni kí a gbé ọsàn kejì sí, èyí tí yóò dúró fún ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí ó jọ oòrùn? Ṣé ààfin Ọlọ́tà ni? Ṣé Ìdírókò ni? Rárá o. Dakar ni, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl! Ó ju kìlómítà 2,300 lọ láti Sàngó.

Orúkọ ìràwọ̀ náà ni Alpha Centauri. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run lápá gúúsù ní alẹ́ oṣù Kẹfà, bí ìkúùkùu òjò kò bá bò ó. Ẹyọ kan ni lójú wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi awò-awọ̀nàjíjìn wò ó rí i pé ìràwọ̀ méjì ni, bíi iná mọ́tò ìṣáájú.

Kìlómítà kò rọrùn láti fi wọn irú ọ̀nà báyìí. Ọdún ìmọ́lẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń lò, ìyẹn ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé ní odidi ọdún kan. Ọdún ìmọ́lẹ̀ 4 àti díẹ̀ ni Alpha Centauri fi jìnnà sí wa.

Ní àárín oṣù Kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, jáde síta kí o kọjú sí gúúsù. Ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lókè ni Sirius, tí àwọn Yorùbá àtijọ́ ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ yóò rí Canopus, tí kò mọ́lẹ̀ tó o. Èwo ni ó lágbára jù? Ojú yóò sọ pé Sirius ni, ṣùgbọ́n ojú ń tàn wá jẹ. Ìmọ́lẹ̀ Sirius tó ìlọ́po 25 ti oòrùn. Ti Canopus tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po. Ọdún ìmọ́lẹ̀ 8.6 péré ni Sirius fi jìnnà. Canopus tó nǹkan bí 310. Bí a bá sì gbé fìtílà lọ sí ìlọ́po méjì ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun ìyanu ibẹ̀ nìyí: ìmọ́lẹ̀ Sirius tí ó wọ ojú rẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ti Canopus ti gbéra ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.

Bóyá o ó sọ pé, “Mo jáde, ìràwọ̀ díẹ̀ ni mo rí.” Òótọ́ ni. Iná àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ń tàn mọ́jú, èéfín àti eruku sì ń lọ sókè. Iná wọ̀nyí ń tàn sára eruku náà, ojú ọ̀run a wá funfun bí omi ògì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rìn fún 310 ọdún láìdúró, ní kìlómítà díẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni ó ń sọnù. Lẹ́yìn òjò, bí iná bá lọ ní àdúgbò yín, tún jáde lọ wò ó.

Má ṣe fi ojú lásán wo oòrùn láé, kódà bí òṣùpá bá bò ó bí ó ti ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2006. Ó lè fọ́ ojú láìdun ẹni.

Ìdánrawò

1. Kí ni ó mú kí iná iwájú mọ́tò méjì dàbí ẹyọ kan?
2. Èwo ni ó ń mọ́lẹ̀ jù ní tòótọ́, Sirius tàbí Canopus? Kí ló dé tí ojú kò fi rí i bẹ́ẹ̀?
3. Kí ni ọdún ìmọ́lẹ̀?
4. Ka ìràwọ̀ tí o bá rí lókè ilé yín nígbà tí iná wà. Tún kà á nígbà tí iná bá lọ. Kọ iye méjèèjì sínú ìwé rẹ.