Kíkó Ẹja Inú Gíláàsì Lọ sí Yàrá Mìíràn

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Ẹja tí à ń sìn nínú àpótí gíláàsì fún ẹwà ilé ni. Ẹ lè wí pé, "Nǹkan òyìnbó nìyẹn." Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹja kékeré aláràbarà kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Pelvicachromis pulcher. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó rà á láti sìn sínú gíláàsì. Inú àwọn odò apá gúúsù Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù ni ó ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹja yìí kàn wá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Aṣọ léèsì ni ó ń tà ní Ọjà Balógun. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ẹja 9 tí ọkọ náà ń sìn ṣì wà nínú àpótí gíláàsì. Ìyá yìí ní bí òun bá ti ọjà dé lálẹ́, tí òun jókòó tí òun ń wò wọ́n, ó dà bí ẹni pé bàbá àwọn ọmọ òun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ó ṣe, ara ìyá tí ó bí i kò le mọ́. Wọ́n ní láti gbé màmá àgbà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, yàrá tí ẹja wà ni wọ́n sì fẹ́ fún un. Ìyá náà bi mí pé, "Tíṣà, báwo ni kí n ti ṣe ẹja wọ̀nyí?" Èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún púpọ̀, kíákíá ni mo dáhùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ da omi ìdọ̀tí yẹn nù. Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ó mọ́ tónítóní, kí ẹ wá pọn omi tuntun sí i." Ó ṣe bí mo ti wí. Kí ọjọ́ 8 tó pé, ẹja 7 ti kú nínú 9.

Ìyá náà kò bá mi jà. Ohun tí ó wí kò ju pé, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò mọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀. Mo lọ bá àwọn tí ń sin ẹja, mo wádìí, mo sì ka ìwé. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Kí ni ó pa ẹja?

Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, inú omi kan náà ni ó sì ń gbé. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa di oró kan tí à ń pè ní amóníà. Bí oró yìí bá pọ̀, ẹja kò ní í lè mí dáadáa mọ́. Nínú ọ̀sà, omi pọ̀, oró náà kò lè hàn. Ṣùgbọ́n omi inú gíláàsì kò tó nǹkan.

Kí ni kì í jẹ́ kí ẹja inú gíláàsì kú lójoojúmọ́? Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ni, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń gbé lára yanrìn àti òkúta, wọ́n sì pọ̀ jù lọ lára fóòmù inú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi. Irú kòkòrò kan ń sọ amóníà di oró kejì. Irú kòkòrò mìíràn ń sọ oró kejì yìí di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí ni à ń bù kúrò nígbà tí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi. Kòkòrò olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí kì í yára pọ̀. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó tó iṣẹ́ ṣe.

Ẹ ti rí àṣìṣe mi. Nígbà tí a fi ọṣẹ fọ yanrìn àti fóòmù, àwọn òṣìṣẹ́ wa ni a pa. Ó dà bí ẹni tí ó lé gbogbo agbálẹ̀ Ọjà Balógun lọ. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí ohun tí ojú rí. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ta ni yóò lè rìn níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Àpótí ìyá yìí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90. Ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 40.
90 × 30 × 40 = 108,000.
Ẹ fi 1,000 pín in: lítà 108 ni.
Lítà omi kan wúwo tó kílò 1. Bí omi bá kún àpótí náà dé ẹnu, omi nìkan ti tó kílò 108. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Omi náà wúwo ju àpò símẹ́ńtì 2 lọ, a kò sì tíì ka yanrìn, òkúta àti gíláàsì mọ́ ọn.

Nítorí èyí ni a kì í fi í gbé àpótí ẹja pẹ̀lú omi nínú. Gọ́ọ̀mù ni ó so gíláàsì náà pọ̀. Bí omi bá ń mì nínú rẹ̀, ojú ibi tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lè là. Gíláàsì á fọ́, á sì ṣe ènìyàn léṣe.

Ọ̀nà tí ó dára

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ibi tuntun wò. Kí oòrùn má ṣe lù ú tààrà. Oòrùn ń mú omi gbóná. Kí èéfín jẹnẹrétọ̀ má ṣe dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí yàrá náà. Ohun tí ń pa ẹ̀fọn a máa pa ẹja. Bí ó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹ pe káfíńtà kí ó wo àwọn igi tí ó gbé pákó náà dúró. Ẹ̀bá ògiri ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe àárín yàrá.

2. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ. Ẹ pọn omi ẹ̀rọ díẹ̀ sínú báfù, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí klorín tí wọ́n fi pa kòkòrò inú omi lè fò lọ. Ẹ ṣọ́ra fún omi kànga: ọ̀sà yí Èkó ká, omi àwọn kànga kan sì ní iyọ̀.

3. Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi. Iná mànàmáná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

4. Ẹ fi rọ́bà fa omi àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì 3 oní-lítà 25. Lítà 75 nìyẹn. Omi àtijọ́ kì í ṣe omi ìdànù. Òun ni ó ti mọ́ ẹja lára. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gbé kẹrosíìnì, epo tàbí ọṣẹ rí kò dára fún iṣẹ́ yìí.

5. Ẹ da díẹ̀ nínú omi àtijọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́. Ẹ fi àwọ̀n kékeré kó ẹja sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn há. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, nítorí ẹja a máa fò jáde. Ibi òjìji ni kí ó wà. Ẹja àrọ̀ lè mí atẹ́gùn òkè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹja kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ẹ lò ó níbẹ̀.

6. Ẹ yọ fóòmù inú ẹ̀rọ, kí ẹ fi í sínú abọ́ omi àtijọ́. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ kàn án, ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ kàn án.

7. Nígbà tí ẹja ti kúrò, ẹ kó yanrìn àti òkúta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn pẹ̀lú omi àtijọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe ru yanrìn sókè nígbà tí ẹja ṣì wà níbẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó sá pamọ́ sísàlẹ̀ lè pa wọ́n lára.

8. Kí àgbàlagbà 2 gbé àpótí náà láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe láti etí. Kí àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà.

9. Ẹ da yanrìn padà. Ẹ gbé àwo kan lé e lórí, kí ẹ máa rọra da omi àtijọ́ sórí àwo náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi inú báfù kún un. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ dá fóòmù padà, kí ẹ tan ẹ̀rọ. Kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ kọjá ojú iná, kí omi má baà tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀.

10. Bí omi bá ti tòrò, ẹ dá ẹja padà. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ sì ni fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹja bá wá sójú omi tí ó ń gbẹ́nu sókè, ẹ yára pààrọ̀ ìdámẹ́rin omi náà.

Ìgbà kejì

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí yàrá tí wọ́n gbé ẹja sí. Ẹja 2 ti ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì ti ra 4 kún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá wa ti mọ ìwé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà 1 dé 10 sínú ìwé rẹ̀, ó sì dúró tì wá.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ ń kánjú. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e bẹ́ẹ̀, omi inú ẹ̀ ò pọ̀." Ìyá wo inú ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ ọ́ kalẹ̀. Nọ́ńbà 4 la wà." Nígbà tí ó yá, èmi náà mú fóòmù, mo fẹ́ fi omi ẹ̀rọ ṣàn án. Ó ní, "Tíṣà! Nọ́ńbà 6 ńkọ́?" Mo dá ọwọ́ dúró.

Iṣẹ́ náà gbà wá ní wákàtí 3. Oṣù kan kọjá, ẹja kankan kò kú. Ẹja 2 ti bàbá àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu èmi tíṣà ni ó pa ẹja 7. Ìwé tí ìyá yìí kọ ni ó gba 6 là. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìbéèrè

1. Níbo ni àwọn kòkòrò olùrànlọ́wọ́ ń gbé?
2. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a fi ọṣẹ fọ fóòmù?
3. Àpótí kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 30. Lítà omi mélòó ni yóò gbà?
4. Iṣẹ́ wo ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ, lọ́jà tàbí nílé? Ẹ kọ ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é sílẹ̀ ní nọ́ńbà 1 dé 5.