Bí A Ti Ń Wá Àrùn Áńpílífáyà Inú Ọkọ̀

Gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn ti ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ṣe ń ṣàìsàn. Oníṣègùn tí ó gbọ́n kì í fún aláìsàn ní oògùn kí ó tó bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ ìdí àrùn kí ó tó náwó sí i. Ẹ̀rọ tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí ni áńpílífáyà inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ń gba ohùn tín-ín-rín láti inú rédíò, tí ó ń sọ ọ́ di ohùn ńlá, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ṣípíkà.

Wáyà mẹ́ta ni ó ń gbé agbára fún ẹ̀rọ yìí. Èkíní ni wáyà pupa tí ó nípọn, tí ó ti ojú pósítíìfù bátìrì wá. Fíúsì wà lára rẹ̀, kò sì yẹ kí fíúsì náà jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Èkejì ni wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi bóòtù dè mọ́ irin ara ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ti inú rédíò wá láti jí áńpílífáyà nígbà tí a bá tan rédíò. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Iná mànàmáná pẹ̀lú kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá ní àlọ àti àbọ̀: bí ó ti ń gba wáyà pupa lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gba wáyà ilẹ̀ àti irin ara ọkọ̀ padà sí ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, asán ni ọ̀nà àlọ.

Bí iná kékeré ojú áńpílífáyà kò bá tàn rárá, oúnjẹ ni kò dé ẹnu rẹ̀. Kí a fi mítà wọn ojú wáyà pupa: ó yẹ kí ó tó nǹkan bí fóòtì 12 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kí ó sì gòkè sí nǹkan bí 14 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí wáyà pupa bá ní iná tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì ní, rédíò ni kò jí i. Bí iná bá tàn tí ohùn kò sì jáde, kí a yẹ àwọn wáyà tí ń gbé ohùn wò, kí a sì tú ṣípíkà. Bí a bá fi bátìrì kékeré oní fóòtì 1.5 kan ojú rẹ̀ méjèèjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣípíkà tí ó yè yóò dún “pọ̀.” Bí iná ìkìlọ̀ bá sì tàn, kí a tú gbogbo wáyà ṣípíkà kúrò. Bí ìkìlọ̀ náà bá kú, ọ̀dọ̀ ṣípíkà tàbí wáyà rẹ̀ ni àrùn wà. Bí kò bá kú, tí oúnjẹ rẹ̀ sì pé, inú áńpílífáyà gan-an ni àrùn wà.

Àrùn kan wà tí ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ náà yóò máa kọrin dáadáa bí ohùn bá wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ohùn sókè, yóò kú. Láìpẹ́, yóò tún jí. Ẹlòmíràn yóò ní ẹ̀rọ náà ti gbó, yóò sì lọ ra òmíràn. Ní ọdún 1827, Georg Simon Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé bí iná tí ń kọjá bá ti pọ̀ tó, àti bí ìdènà ojú ọ̀nà bá ti tó, ni fóòtì tí yóò sọnù yóò ti tó. Bí ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ bóòtù wáyà ilẹ̀ bá fa ìdènà 0.1 óòmù, tí ẹ̀rọ sì ń fa áńpíà 3, fóòtì 0.3 péré ni yóò sọnù. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ròkè tí ẹ̀rọ ń fa áńpíà 30, fóòtì 3 ni yóò sọnù. Nínú 12, ó ku 9, ọ̀pọ̀ áńpílífáyà kò sì lè fi èyí ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kọrin sókè, kí a fi ẹnu mítà kan sí ojú ilẹ̀ áńpílífáyà, kí a fi èkejì sí ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Bí mítà bá kà ju ìdajì fóòtì lọ, ọ̀nà àbọ̀ kò dára. Kí a tú bóòtù, kí a fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà títí irin yóò fi máa dán, kí a sì dè é le. Ìwòsàn tí kò gba kọ́bọ̀ nìyí.

Ẹlòmíràn a sì rò pé fíúsì ni ó kéré. Èrò yìí ni ó léwu jù. Olùṣọ́ wáyà ni fíúsì. Òun ni ó ń yọ́, tí ó ń kú, kí ọkọ̀ àti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè yè. Bí wáyà bá lè gba áńpíà 30, tí ẹnì kan fi fíúsì 80 sí i, tàbí tí ó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí àyè rẹ̀, ó ti lé olùṣọ́ lọ. Ní ọjọ́ tí etí irin bá gé ara wáyà náà, iná rẹpẹtẹ yóò tú jáde láti inú bátìrì, wáyà yóò pọ́n bí ẹ̀yinná, ọkọ̀ yóò sì gbiná. Fíúsì tí ó jó lẹ́ẹ̀mejì kò béèrè fún arọ́pò tí ó tóbi. Ó ń béèrè pé kí a wá ohun tí ń pa á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, kí ó kọ́kọ́ tú ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òun ni yóò dè kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán an wò, kí a lè mọ ohun tí ó wo àrùn náà sàn. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ wáyà ilẹ̀?
2. Èé ṣe tí áńpílífáyà kan fi lè kú nígbà tí ohùn bá ròkè nìkan?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: “Olùṣọ́ wáyà ni fíúsì.”