Títún Ewéko Gbìn Sínú Ìkòkò

Ọ̀já ìkookò jẹ́ ewéko ilẹ̀ wa tí a máa ń gbìn sínú ìkòkò láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ó bá pẹ́ nínú ìkòkò kan, gbòǹgbò rẹ̀ a lọ́ mọ́ra, a gba àyè erùpẹ̀, nígbà mìíràn a tilẹ̀ fọ́ ìkòkò náà.

Nígbà náà ni a ó rọra fà á yọ, tí a ó gbọn erùpẹ̀ àtijọ́ kúrò. A ó fi ọ̀bẹ mímú tí ó mọ́ gé gbòǹgbò tí ó ti jẹrà àti èyí tí ó lọ́ yíká, ṣùgbọ́n kí èyí tí a gé má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kí ìkòkò tuntun fi ínṣì 1 tàbí 2 fẹ̀ ju ti àtijọ́, kí ó sì ní ihò nísàlẹ̀. Erùpẹ̀ tí a pò mọ́ yanrìn ni a ó fi gbìn ín. A ó gbé e sí ibòji, a kò sì ní bomi rin ín fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ, kí ó má bàa rà.

Aláìmọ̀kan lè rò pé ẹni tí ń gé gbòǹgbò ń pa ewéko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tuntun a yọ lẹ́yìn gígé. Èyí tí a kẹ́ jù tí a kò gé ni ebi ń pa nínú ìkòkò rẹ̀.