Oògùn Ojú Tó Ń Dé Ọkàn Ọmọ Ọwọ́

Ìbéèrè (láti Aduwawa, Benin): Ṣé oògùn tí a kán sí ojú ọmọ ọwọ́ lè ṣe gbogbo ara rẹ̀ ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Oògùn ojú kì í dúró sójú. Ó ń bá ọ̀nà omijé lọ sínú imú, ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ láì kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ tí ì bá dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀kán kan náà tí àgbàlagbà ń lò ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọ̀n kílò 3 kò ju nǹkan bí 250 mílílítà lọ. Timolol, oògùn àìsàn ojú tí a ń pè ní glaucoma, lè mú kí ọkàn ọmọ máa lù díẹ̀díẹ̀, kí èémí rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Atropine, oògùn ojú mìíràn, lè fa ara gbígbóná, awọ ara pípọ́n àti àyà tó ń sáré. Brimonidine ló léwu jù: ó ń kùn ọmọ lóorun, ara rẹ̀ á rọ, á tutù, kò ní lè mí dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Bí dókítà bá kọ oògùn, kí a rọra fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn tí a bá kán an, kí a sì nu èyí tó ṣàn sílẹ̀. Oògùn ojú ìyá àgbà kì í ṣe ti ọmọ. Ọmọ tó ń sùn láìjí, tí kò mu ọmú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń di dúdú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá, bíi UBTH ní Ugbowo, Benin, pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́.